Ẹ̀rọ Rẹ́kọ́ọ̀dù Alápótí Tí Bàbá Yín Fi Sílẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ wá bá mi sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú." Tí mo bá ṣí i, tí mo fi ìka yí àtẹ tí àwo ń jókòó lé wò, ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ ni òróró tó ti dì bí oje igi, rọ́bà tó ti le bí èèpo àgbọn, àti eruku ọdún gbọọrọ. Ìyẹn kì í ṣe ikú. Oríkèé rẹ̀ ló gan. Èyí tó ń kú ní tòótọ́ ni èyí tí olówó rẹ̀ fẹ́ gbọ́ orin lálẹ́ ọjọ́ tó rí i, tó so ó mọ́ iná láì wo inú rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ nìyí.

Irú ẹ̀rọ wo gan-an lẹ ń sọ?

Èyí tó ní ìdérí àti ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, tí èèyàn lè gbé lọ sóde bí àpótí aṣọ. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí kò mọ iná rí. HMV 102, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1931, ni olórí wọn. Ìkejì ni oníná tó ń lo fáàfù, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n nínú rédíò àtijọ́. Dansette, tí ìdílé Margolin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní London lọ́dún 1952, ló lókìkí jù nínú wọn, ẹni tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba nígbà náà á mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀kẹta ni oníbátìrì, tó ń lo tíránsísítọ̀ àti bátìrì ńlá mẹ́fà.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀: orúkọ tó wà lára ìdérí kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń yí. Dansette ń ra ẹ̀yà tó ń yí àwo lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni, BSR ní àgbègbè Birmingham tàbí Garrard ní Swindon. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Alaba tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé àtẹ kúrò, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára irin abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fi wá a.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú yàrá bàbá mi ni. Ṣé mo lè so ó mọ́ iná, kí n fi mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Kapásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń di iná mú, ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi bébà àti ìda ṣe, àti àwọn ńlá alágolo tí omi inú wọn ti gbẹ. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, kapásítọ̀ oníbébà kì í lè dá iná dúró mọ́, ṣe ló máa ń jò. Èyí tó burú jù ni èyí tó wà níwájú fáàfù tó ń ti sípíkà. Tó bá ń jò, fáàfù yẹn á máa fa iná ju agbára rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á pọ́n, lẹ́yìn náà á fà tírànsífọ́mà ohùn lọ́wọ́ lọ sí ọ̀run. Kapásítọ̀ kò wọ́n. Tírànsífọ́mà yẹn lẹ máa wá, wá, wá.

Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ oníbébà àti alágolo. Nọ́ńbà microfarad rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, ṣùgbọ́n fóltì rẹ̀ lè jù ú lọ, kò gbọ́dọ̀ dín. Èmi máa ń fi ti 630 fóltì rọ́pò àwọn oníbébà, ọkàn mi á balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi gílóòbù 60 wọ́ọ̀tì sí ojú ọ̀nà iná tó ń lọ sínú ẹ̀rọ náà, gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná, kì í ṣe ti ìgbàlódé tí kì í jẹ iná. Tí wọ́n bá tan iná, tí gílóòbù mọ́lẹ̀ díẹ̀ tó sì tún relẹ̀, ara ẹ̀rọ ń yá nìyẹn. Tó bá mọ́lẹ̀ kalẹ̀ tí kò relẹ̀ mọ́, ibì kan ti so pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹ pa á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú láàárín wọn, kò sí tírànsífọ́mà tó ya irin inú ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìta. Irin yẹn àti wáyà ògiri, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án nígbà tí iná wà, iná ògiri ló fọwọ́ kàn. Kódà tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára iná, kapásítọ̀ ńlá ṣì lè di iná mú fún ìgbà díẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ iná, iṣẹ́ yín parí síbi kí ẹ nu eruku rẹ̀. Ẹ wá onírédíò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn mọ fóònù dénú eegun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí fáàfù rí.

Àtẹ rẹ̀ kì í yí, tàbí kó máa yí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Òróró ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ yọ irin kékeré tó di àtẹ mú láàárín, ẹ gbé àtẹ sókè. Ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì kékeré kan, pẹ̀lú ọ̀pá tó ga sókè tó ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà. Tó bá le, òróró ti di gọ́ọ̀mù ní ibi méjèèjì tí ọ̀pá yẹn ti jókòó, lókè àti nísàlẹ̀.

Ẹ fi aṣọ funfun àti sípírítì nu gbogbo òróró àtijọ́ kúrò. Ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kan tàbí méjì ló tó fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún nu ihò tí àtẹ jókòó lé, ẹ kán díẹ̀ síbẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n da òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò sí. Ó yí dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Lẹ́yìn náà ó dì, èèrà sì kó ẹbí rẹ̀ wá síbẹ̀. Òróró ọkọ̀ kò dára níbẹ̀, epo pupa kò yẹ ká máa sọ ọ́ rárá.

Ó ń yí báyìí, ṣùgbọ́n ohùn ń lọ sókè sódò, ó sì ń ṣe "dù-dù-dù" nísàlẹ̀ orin.

Ẹ wá táyà rọ́bà kékeré tó wà láàárín ọ̀pá ẹ́ńjìnnì àti etí àtẹ. Òun ló ń gba ìyípo lára ọ̀pá tó ń gbé e fún àtẹ. Tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn bá fi bọ́tìnnì eré sílẹ̀ lórí 33, ìyẹn iye ìyípo àwo ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ìdérí pa, ọ̀pá irin yẹn ti tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ láti ìgbà náà, ó ti fi ojú ihò sí i. Ní gbogbo ìgbà tí ihò náà bá yí kan ọ̀pá, "dù" nìyẹn.

Ẹ yọ táyà náà, ẹ fi sípírítì díẹ̀ nù ún, ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù ra á yíká kó lè mú nǹkan dáadáa. Tí ihò náà kò bá jìn, á parẹ́. Tó bá jìn, tàbí tí rọ́bà ti le tí èékánná kò fi àmì sí i mọ́, ẹ ra òmíràn. Ẹ má fi kẹrosínì tàbí pẹtiróòlù nù ún, rọ́bà á wú. Ẹ má sì jẹ́ kí òróró tí ẹ kán sí ẹ́ńjìnnì kan án, torí á máa yọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, kí bọ́tìnnì wà ní ipò tí kò sí nọ́ńbà kankan kí ẹ tó ti ìdérí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé eré rẹ̀ pé: ẹ lẹ bébà tínńrín mọ́ etí àtẹ, ẹ fi aago fóònù ka ìyípo rẹ̀. Lórí 45, ẹ̀ẹ̀marùndínláàádọ́ta ni ní ìṣẹ́jú kan. Lórí 33, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó yẹ kó pé ọgọ́rùn-ún gééré, torí 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni iye rẹ̀ gan-an.

Bọ̀dá mi gbé tiwọn bọ̀ láti Amẹ́ríkà. A ra tírànsífọ́mà 110 fóltì fún un, síbẹ̀ gbogbo olórin ń kọrin bí ẹni tó ń sùn lọ.

Tírànsífọ́mà yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fóltì nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀. Iná Amẹ́ríkà ń lù ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná tiwa ní àádọ́ta ìgbà. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ń bá ìlù iná rìn ni, bí oníjó ṣe ń bá ìyá ìlù rìn. Tí ìlù bá dẹ̀, ẹsẹ̀ á dẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 33 àti díẹ̀ á di bí i 28, ohun tó yẹ kó jẹ́ 45 á di 37 àbọ̀. Ẹ fi àwo Haruna Ishola sí i, ẹ ó rò pé oorun ń kun bàbá náà.

Tírànsífọ́mà kankan kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá onípele tó wà lórí ẹ́ńjìnnì sí èyí tí wọ́n ṣe fún 50, tó bá wà. Tí kò bá sí, kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ṣe òrùka irin tínńrín kan sí ara rẹ̀ kó fi lè sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹ̀rọ tiwa gan-an fi máa ń yára díẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Tí ẹrù kò bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, ìlù rẹ̀ máa ń le ju àádọ́ta lọ.

Àtẹ ń yí dáadáa, fáàfù pọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Tàbí kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ibí ni ojú ọjọ́ wa ti fìyà jẹ àwọn ẹ̀rọ yìí jù. Ní iwájú apá, níbi tí abẹ́rẹ́ so mọ́, kátíríìjì wà níbẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìgbà yẹn, irú iyọ̀ kan tó dì bí dígí, tí wọ́n ń pè ní Rochelle, ló wà nínú rẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá mì ín, á yọ iná díẹ̀ jáde, iná yẹn ni orin. Iyọ̀ sì ni, ẹ̀yin náà mọ bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nígbà òjò. Ọ̀rinrin máa ń wọ inú rẹ̀, á sì yọ́. Ooru náà ń pa á: tó bá gbóná tó bí i 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó tán fún un. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán lásán lè mú un dé ibẹ̀.

Kátíríìjì Rochelle tó ti yọ́ kò ní àtúnṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó "àtúnṣe" lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Èyí tí ẹ máa rà ni ti sẹ̀rámíìkì, tí ọ̀rinrin kì í ràn, tó sì bá apá ẹ̀rọ yín mu. Ẹ má ra ti ìgbàlódé onímágínẹ́ẹ̀tì, iná tó ń yọ kéré púpọ̀, ẹ̀rọ yìí kò ní gbọ́ ọ.

Ṣé kátíríìjì ló kú ni àbí inú ẹ̀rọ? Lórí oníbátìrì nìkan, ẹ gbé fọ́lúùmù sókè, ẹ fi ìka kan wáyà kékeré tó wà lẹ́yìn kátíríìjì. Tó bá ṣe "hùùù", inú ẹ̀rọ yè, kátíríìjì ló lọ. Ẹ má dán ìyẹn wò lórí oníná, mo ti sọ ìdí rẹ̀ lókè.

Abẹ́rẹ́ wo ni mo máa lò? Bàbá mi máa ń gbé kọ́bọ̀ lé orí rẹ̀.

Gbogbo bàbá ló ń gbé kọ́bọ̀ lé e! Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán ló máa ń fò, kọ́bọ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè máa gbẹ́ àwo lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohùn àwo ti ń di bí i ti àgbàdo tí wọ́n ń yan. Kátíríìjì sẹ̀rámíìkì ń fẹ́ ìwúwo tó tó gíráàmù márùn-ún sí mẹ́jọ. Tí abẹ́rẹ́ tuntun bá ń fò lórí ìwúwo yẹn, àwo ló bàjẹ́ tàbí apá ló há níbi tó ti ń yí, kì í ṣe owó ló kù.

Ojú abẹ́rẹ́ méjì ló wà. Ìlà àwo 78, ìyẹn àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, fẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP, àwo ńlá tó ń yí lórí 33. Ọ̀pọ̀ kátíríìjì àtijọ́ ní méjèèjì, ẹ óò rí ọwọ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń yí i padà. Abẹ́rẹ́ LP nínú àwo 78 á kàn máa rìn gbéregbère nínú kòtò ni. Abẹ́rẹ́ 78 lórí LP, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni. Tí àwo yín bá jẹ́ sítẹ́ríò, ẹ rí i dájú pé kátíríìjì náà lè gba sítẹ́ríò. Kátíríìjì àtijọ́ tó jẹ́ ti mónò lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń mì sókè sódò, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan ló mọ̀, á sì fọ́ ìlà àwo náà.

Ó ń ṣe "hùùù" kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kapásítọ̀ alágolo ti gbẹ. Tó bá jẹ́ pé "ṣàà-ṣàà" ló ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń yí fọ́lúùmù, ìdọ̀tí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n fín oògùn ìfọ iná sínú rẹ̀, kí wọ́n yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà.

Apá rẹ̀ ń gbéra láàárín orin, tàbí kó kọ̀ láti padà sílé tí orin bá tán.

Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ àtẹ kún fún irin wẹ́wẹ́ tó ń ti ara wọn, gíríìsì tó wà láàárín wọn ti di òkúta. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sípírítì àti búrọ́ṣì ìfọyín, ẹ fi gíríìsì tuntun díẹ̀ sí ibi tí irin ti ń ra irin. Ṣùgbọ́n irin fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ jía ńlá, òun ló máa ń mọ̀ pé orin ti tán. Ẹ má fi òróró tàbí gíríìsì kan sí ìyẹn. Gbígbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí ẹnìkan bá ti fi gíríìsì sí i, ìdí tí apá fi ń gbéra láìtọ́jọ́ nìyẹn. Mo ti rí i kí ẹni tó tún un ṣe ṣáájú mi fi gíríìsì kún ibi gbogbo bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Tí apá bá ń já sí ibi tí kò yẹ, bóyá ó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn etí àwo, ìdè kékeré kan wà lára ìdí apá tí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò ó.

Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ńkọ́?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Ohun inú rẹ̀ ni sípíríǹgì gígùn tí wọ́n ká sínú agolo irin. Tó bá ń ṣe "gbùù" tí àtẹ sì ń fò díẹ̀ bó ti ń tú, gíríìsì inú agolo ti gbẹ, ẹsẹ̀ sípíríǹgì ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń já síra lójijì. Gíríìsì tó ní lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, ìyẹn gíráfáìtì, ló ń fẹ́. Ẹ má ṣí agolo yẹn fúnra yín. Sípíríǹgì tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lè gé ìka. Ẹ jẹ́ kó tú tán kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ẹ lè ṣe nílé ni orí ohùn, ìyẹn ẹ̀yà olóbìrìkìtì tó di abẹ́rẹ́ mú. Rọ́bà tó yí i ká ti di igi. Tí ẹ bá pààrọ̀ rọ́bà yẹn, tí ohùn tó ń hanrírì tẹ́lẹ̀ á sì mọ́, ẹ̀rù á bà yín.

Òfin abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní ìgbọ̀jẹ̀gẹ́: abẹ́rẹ́ irin kan, ojú àwo kan. Àwo 78 ní ohun líle tó kúnná nínú, ṣe ni wọ́n fi sí i kó lè gbẹ́ abẹ́rẹ́ bá ìlà rẹ̀ mu. Abẹ́rẹ́ tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kejì ti di ọ̀bẹ. Ẹ má sì gbé LP kankan sórí rẹ̀, apá rẹ̀ wúwo ju ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi gbọ́ orin ìjọ tí J. J. Ransome-Kuti kọ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ àwo Zonophone ní London lọ́dún 1922. Tí ẹ bá ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ má lò ó fi dán ẹ̀rọ wò.

Bátìrì ti jò sínú tèmi.

Ẹ fi búrọ́ṣì gbígbẹ gbá ẹ̀tù funfun náà kúrò, ẹ ra irin rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà títí á fi tàn. Tí wáyà ti dúdú wọnú lọ, ẹ gé e kúrò, ẹ fi tuntun sí i. Tí ẹ bá fẹ́ lo àdápútà dípò bátìrì mẹ́fà, fóltì mẹ́sàn-án ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tíránsísítọ̀ ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ rere ni wọ́n so mọ́ irin, òdì sí ti ìsinsìnyí. Ẹ so ó lódì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tíránsísítọ̀ á lọ.

Igi àpótí ti bu, lẹ́dà ara rẹ̀ ti ń ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ kan igi náà níbi gbogbo. Tó bá dún bí i páálí, ikán ti jẹ ẹ́, kí káfíńtà gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú atẹ́gùn lábẹ́ òjìji, oòrùn á tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù oníbàtà dára fún lẹ́dà. Ní tèmi, tí lẹ́dà àtijọ́ bá ṣì wà, mi ò kì í bọ́ ọ. Bí ó ti wù kí ó gbó tó, àmì ìkòkò ọtí tó wà lórí ìdérí ní ìtàn ju lẹ́dà tuntun lọ.

Ṣé mo lè fọ àwọn àwo náà?

LP àti 45, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan, ẹ má jẹ́ kó kan bébà àárín. Àwo 78 kò gbọ́dọ̀ rí sípírítì rárá. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, oje kòkòrò kan ni, sípírítì ń yọ́ ọ.

Ọmọ mi ní kí n fi Bluetooth sí i.

Ẹ ra sípíkà Bluetooth fún un.

Gbogbo rẹ̀ ti pé. Àwo wo ni kí n kọ́kọ́ gbé sí i?

Èyí tí kò ní dùn yín tó bá fọ́. Ẹ wá 45 tó ti ha, ẹ gbé e sí i, ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ máa gbóòórùn. Òórùn eruku tó ń gbóná kò burú, òórùn ìda tó ń yọ́ tàbí rọ́bà tó ń jó, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa tẹ́tí sí i bóyá ohùn ń dínkù bí ó ti ń gbóná. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí kan, ẹ tún tàn án. Tó bá jẹ́ pé ohùn tí ẹ gbọ́ ní àkọ́kọ́ náà lẹ tún gbọ́, nígbà náà ni kí ẹ lọ mú àwo tí bàbá yín fi aṣọ wé.